Wọ́n Gé Ọ̀nà Ọkọ̀, Àwa Èrò La Sanwó Ẹ̀

Ní Èkó níbí, ẹnu kọ̀ndọ́ lèèyàn ti máa ń gbọ́ pé ọ̀nà ọkọ̀ ti yí padà. Kò sẹ́ni tó ń lẹ ìwé mọ́ ibùdókọ̀, kò sẹ́ni tó ń kéde ẹ̀ lórí rédíò. Èèyàn á dé gáréèjì láàárọ̀ bó ṣe máa ń dé e, ọkọ̀ tó ń ké "Ọjọ́ta! Ọjọ́ta!" títí di àná á wá máa ké "Mile 12 nìkan o! Ẹ má wọlé bẹ́ ẹ bá ń lọ Ọjọ́ta o!" Ẹni tó bá bèèrè pé kí ló dé, kọ̀ndọ́ á ní àwọn ò kọjá ibẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àwọn tí inú ń bí á bú wọn díẹ̀, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n lára á kàn wọlé, gbogbo wa á sì jọ sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 12, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀lé ọkọ̀ mìíràn.

Ìkòròdú ni mò ń gbé, Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ń rin ọ̀nà yìí mọ̀ pé ìrìn àjò ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká kàn jáde nílé ká dé ibi iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò sì pọ̀. Ẹni tó ń wọkọ̀ lójoojúmọ́ mọ ohun kan nípa ọ̀nà tí ẹni tó jókòó ti máàpù ò lè mọ̀, ó yẹ kí wọ́n bi í kí wọ́n tó yí ohunkóhun padà. Ì báà jẹ́ àwọn onídánfó ló gé ọ̀nà, ì báà jẹ́ ìjọba ló tún un yà, èrò ni wọn kì í bi.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń dun gbogbo wa. Bí dánfó bá gbé èèyàn láti Ìkòròdú dé Ọjọ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, owó ọkọ̀ kan lonítọ̀hún máa san. Bí wọ́n bá gé e ní Mile 12, ẹ má rò pé wọ́n á pín owó àná sí méjì o. Mile 12 á ní owó tiẹ̀, Ọjọ́ta á ní tiẹ̀, àpapọ̀ méjèèjì á sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí lítà epo kan tí à ń rà ní nǹkan bíi 185 náírà sì fò lọ sí bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ni ìgékúgèé yìí ti wá di bárakú. Awakọ̀ tó bá fowó kún owó ọkọ̀ á gbọ́ èébú láti Ògólóńtó dé Majídùn. Èyí tó bá gé ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó fowó kún nǹkan kan. Òun ò ṣáà purọ́, Mile 12 ló pè, Mile 12 náà ló já wa sí. Ọgbọ́n ìfowókún ni. Mi ò mọ ìdí tí àwọn tó ń kọ̀ròyìn lórí owó ọkọ̀ kì í fi ka èyí mọ́ ọn. Iye tí wọ́n ń gbà láti ibì kan sí ibì kejì ni wọ́n máa ń kọ, wọn kì í kọ iye ọkọ̀ tó ti wá di dandan kéèyàn wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣéńjì tún wà ńbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gé ọ̀nà, ìjà ṣéńjì mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" la máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, bó o bá sì ti lọ ná ṣéńjì ẹ sínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, kọ̀ndọ́ kejì á so ìwọ àti ẹni méjì tó ò mọ̀ rí pọ̀ sórí ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá dúró sójú títì, ẹ ó máa wá ẹni tó máa bá yín ṣẹ́ owó, nígbà tí iṣẹ́ ń dúró de ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Mo ti rí ọmọdébìnrin kan tó gbé aṣọ ilé ìwé wọ̀ tó fi owó ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n so ó mọ́, torí agogo ti lù níléèwé wọn. Ọgọ́rùn-ún méjì náírà ni. Bóyá owó oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀ nìyẹn.

Mo máa ń fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn lórí ìlà ọkọ̀, pàápàá ní ìdájí, nígbà tí ojú gbogbo wa ò tíì là tán. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ata. Mile 12 ló ti ń rajà, ó wá ń gbé e lọ tà lápá Fádéyì. Nígbà tí mo bi í pé báwo ló ṣe rí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ìjọba sí, ohun tó sọ fún mi rèé: "Ọmọ mi, ọkọ̀ yẹn dáa, ó ń yára, èèyàn sì ń rí ìjókòó bó bá tètè jí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹrù ò gbọdọ̀ wọlé. Ṣé kí n wá máa ta ata láìgbé ata ni?" Dánfó ló ń wọ̀. Á sanwó ara ẹ̀, á sanwó ẹrù, wọ́n á kó apẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, omi tòmátì á máa ro sórí táyà àfidípò. Bí dánfó tó ń lọ tààrà bá wá dín kù, tí wọ́n gé ọ̀nà sí méjì, alábàárù ló gbọ́dọ̀ wá báyìí, láti inú ọkọ̀ kan sí èkejì. Alábàárù ò gbéṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá yẹn ò lè fi gbogbo ìyẹn lé orí ata, torí àwọn oníbàárà ẹ̀ náà ti náwó wọn sọ́kọ̀ tán kí wọ́n tó dé ìdí àtẹ.

Bàbá kan tó ń fi ọ̀pá rìn dá sí ọ̀rọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Ní tiẹ̀, owó kọ́ ni ìṣòro. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni. Àárín títì ni bọ́ọ̀sì ti ń gbérò, èèyàn sì gbọ́dọ̀ gun afárá lọ, kó tún sọ̀ ọ́ padà. Bàbá ní lọ́jọ́ tí eékún bá ń ro òun, òun á kúkú jókòó sílé, ọmọ òun tó wà ní Ṣùúrùlérè á dúró títí ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ni nílé ìwé girama ní tòun ni pé kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun mọ aago tí bọ́ọ̀sì máa dé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń tibi iṣẹ́ òru bọ̀ kò bá wa sọ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n tan iná síbùdókọ̀.

Ẹ wo bí ìdáhùn wọn ṣe yàtọ̀ síra, lórí ìlà kan náà, sí ọkọ̀ kan náà. Mi ò rò pé ọ́fíìsì kankan lè jókòó kó ronú kan ọ̀rọ̀ omi tòmátì yẹn láé.

Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ àwọn awakọ̀ o. Mo jókòó síwájú lọ́jọ́ kan, mo bi awakọ̀ pé kí ló dé tí kò gbé wa dé Ọjọ́ta mọ́. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. "Àǹtí mi, ṣé ẹ rò pé ó wù mí ni? Bí mo bá kọjá Mile 12 báyìí, gósílóò Kétu nìkan á gbà mí ní wákàtí kan. Àwọn àgbèrò á gba tiwọn ní Kétu, wọ́n á tún gbà ní Ọjọ́ta. Ọlọ́kọ̀ ń retí owó ẹ̀ lálẹ́, kò ní bi mí bóyá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà. Epo tí mo bá jó sójú kan, ta ló máa san án fún mi?" Ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí lára. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, tó ń fún ọmọkùnrin kan lówó, ọkọ̀ ò tilẹ̀ dúró. Kò sí ẹni tó bi òun náà léèrè kí wọ́n tó gbé owó tíkẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn náà ló wá ń fún wa lọ́rùn.

Àwọn àgbà Èkó tí wọ́n ti rí ọkọ̀ rí á sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Wọ́n á mẹ́nu kan Zarpas, Gíríìkì tó ń fi bọ́ọ̀sì gbérò nílùú Èkó títí ìjọba ìlú fi ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1958. Wọ́n á sọ̀rọ̀ bọ́lẹ̀kájà, wọ́n á sọ̀rọ̀ mólúè, wọ́n á sì kẹ́dùn ọkọ̀ ojú irin tí Gómìnà Lateef Jakande fẹ́ ṣe, tí ìjọba ológun fagi lé ní 1985. Bí wọ́n bá ń rò ó, èèyàn á rí i pé ọ̀nà ọkọ̀ ò dúró sójú kan rí ní Èkó. Yíyí tó ń yí kọ́ ló ń dùn mí.

Ohun tó sì jẹ́ kó dá mi lójú pé wọ́n lè ṣe é dáadáa ni pé wọ́n ti ṣe é rí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008, nígbà ìjọba Babatunde Fashola, BRT, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tiwọn lójú títì, bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS ní Erékùṣù Èkó, nǹkan bíi kìlómítà 22. LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní Èkó, ò kàn jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n lé dánfó kúrò lójú títì. Wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn awakọ̀ dá sílẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà. Wọ́n ṣàlàyé fáráàlú kí bọ́ọ̀sì tó dé. Àwọn kan ti ń sọ pé kò lè ṣiṣẹ́, pé awakọ̀ Èkó ò ní gbà, pé èrò ò ní tò. Láàárín ìgbà díẹ̀, bíi 200,000 èèyàn ló ń wọ̀ ọ́ lójúmọ́. A tò! Èkó tò lórí ìlà. Mo ṣì rántí bí ọkàn mi ṣe ń yọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i ní Kétu, tí àgbà àti ọmọdé dúró tẹ̀lé ara wọn láìsí ẹni tó ń fi ìgúnpá gún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2015, lákòókò Akinwunmi Ambode, wọ́n fà á dé Ìkòròdú. Fún àwa tó wà lẹ́yìn Mile 12, ayọ̀ ńlá ni. Ẹni tí ilé ẹ̀ wà nítòsí títì lè wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo láti Ìkòròdú dé Erékùṣù. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìyẹn lójú mi.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa ni ilé wa wà nítòsí títì. Ìgbógbó ń bẹ, Ìjẹdẹ́ ń bẹ, Ìsawo ń bẹ, Ìmọ̀tà ń bẹ. Ibi tí bọ́ọ̀sì ńlá bá já èèyàn sí, kéké tàbí ọ̀kadà ló kù, owó kékeré yẹn sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ tó gbé e la gbogbo títì já. Àwọn tó ń ya ọ̀nà máa ń wo bọ́ọ̀sì láti ibùdó sí ibùdó. Èrò ń kà á láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ẹ̀. Ìṣírò méjì tó yàtọ̀ síra gbáà nìyẹn, èmi ò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti fi èkejì ṣe ìpinnu.

Ẹ rántí ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2020, tí òfin lé ọ̀kadà àti kéké kúrò láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, lára wọn ni Ìkẹjà, Ṣùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà àti Àpápá. Mi ò bá ìjọba jiyàn pé ọ̀kadà ń pa èèyàn, ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹbí tó kán lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn kàn ń rìn ni. Ìyá kan fi bàtà ọ́fíìsì sínú báàgì, ó wọ sílípáàsì. Àwọn bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ṣe fún inú àdúgbò, tó yẹ kó dípò ọ̀kadà, oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n tó gbé e jáde. Ó lé lọ́dún kan! Bí wọ́n bá ti bi ìyá yẹn ṣáájú, ó máa sọ fún wọn pé bọ́ọ̀sì ni kó kọ́kọ́ dé, kí òfin wá tẹ̀ lé e.

Mo ní àbúrò kan ní Lọ́ńdọ́nù, ní Peckham, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí débi pé èèyàn lè ra èlùbọ́ àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀ láìsọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí náà bọ́ọ̀sì lẹsẹ̀ wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, TfL, àjọ tó ń darí ọkọ̀ Lọ́ńdọ́nù, sọ pé owó ti dín kù látìgbà Kòrónà, pé àwọn fẹ́ pa àwọn bọ́ọ̀sì kan rẹ́. Nọ́ńbà 12 àti nọ́ńbà 78, tí méjèèjì gba Peckham kọjá, wà lára wọn. Nọ́ńbà 12 ló ń gba Camberwell lọ sí Westminster, títí dé Oxford Circus, ó sì ń já àwọn nọ́ọ̀sì sí ìtòsí ilé ìwòsàn St Thomas'. 78 ló ń gba orí afárá Tower Bridge lọ sí Liverpool Street, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ti ń ṣiṣẹ́.

Àbúrò mi ní kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀. Wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ jáde, ọkọ̀ tó ń lọ, ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀, wọ́n sì ní kí aráàlú fèsì. Lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ ń bá àwọn ìyá kọ èsì sórí fóònù. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ ní òun ò ní ká má yí ọ̀nà padà, òun ń sọ pé bí wọ́n bá ní kí òun sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọ̀nà kóun tún dúró de ọkọ̀ mìíràn lójú òtútù nídàájí, kí wọ́n kọ́kọ́ wá bá òun dúró níbẹ̀. Èsì tó lé ní 20,000 ló wọlé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ti fagi lé èyí tó pọ̀ jù nínú ètò náà, olórí ìlú Sadiq Khan sì wá 25 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́dún sí i. 12 wà, 78 náà wà.

Àwọn kan á sọ pé Lọ́ńdọ́nù lówó. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lówó. Ṣùgbọ́n bíbèèrè ò gba 25 mílíọ̀nù. Pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ètò rédíò kan ní èdè Yorùbá láàárọ̀, ẹnì kan tó dúró pẹ̀lú ìwé àti bírò lórí ìlà fún ọ̀sẹ̀ kan, ìwọ̀nyẹn ò kọjá agbára wa. Káàdì Cowry tí à ń fi sanwó bọ́ọ̀sì láti 2021 mọ ibi tí èèyàn ti wọkọ̀. Kò mọ ibi tó ti rìn wá, kò mọ ìyá aláta tí kò wọlé rárá torí ẹrù ẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ ò gbé ò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan, òun gan-an ló sì yẹ kí wọ́n máa wá.

Ó sì ń kánjú báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń gbérò láàárín Marina àti Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, èyí tó jẹ́ aláwọ̀ pupa sì ti ń ṣiṣẹ́ láti Agbádó dé Oyíńgbò láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Iṣẹ́ gidi ni, mo yìn wọ́n. Bí irin bá ń gùn sí i, ọ̀nà bọ́ọ̀sì á máa yí padà kó lè máa kó èrò lọ bá a, ìyẹn ò sì burú. Kò sí ìkankan nínú irin méjèèjì tó dé Ìkòròdú, torí náà bọ́ọ̀sì náà la ṣì gbójú lé.

Ní oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, a sì kọ lẹ́tà sí ìjọba. Ariwo pọ̀ kí a tó kọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè pé kí wọ́n dín owó ọkọ̀ kù, àwọn àgbà ní ẹ̀bẹ̀ tí wọn ò ní gbọ́ lèyí. Níkẹyìn, a bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kéde ṣáájú kí ọ̀nà tó yí padà, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní Yorùbá. A ní níbi tí wọ́n bá ti gé ọ̀nà, kí owó kan gbé èèyàn dé òpin ìrìn àjò, bó ti wù kó sọ̀ kalẹ̀ tó. A bèèrè iná síbùdókọ̀, torí nọ́ọ̀sì yẹn. A ní kí wọ́n ya bọ́ọ̀sì bíi mélòó kan sọ́tọ̀ nídàájí fún àwọn ọlọ́jà, kí wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, kí apẹ̀rẹ̀ lè wọlé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló fa ìjà jù, àwọn kan ní kò sí níbì kankan láyé. Mi ò gbà. Èkó ló ń jẹ ata Mile 12, ó yẹ kí ata rí ọkọ̀ wọ̀.

A ti gbé lẹ́tà náà lọ. Ọ̀gá tó gbà á kà á lójú wa, ó bi wá láwọn ìbéèrè tó nítumọ̀, ó ní ká padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá aláta ti ní òun ò ní rajà lọ́jọ́ náà, òun ń bá wa lọ, òun fúnra òun lòun máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn fún wọn.